Ajá Tó Ń Tiro: Ìbéèrè àti Ìdáhùn nípa Iṣẹ́ Abẹ Orúnkún àti Ìtọ́jú Tó Tẹ̀lé E

Iṣẹ́ dókítà ẹranko ni mò ń ṣe ní Àbújá. Àwọn ènìyàn wa tó ń sin ajá níhìn-ín, láti Lugbe títí dé Kubwa, máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí ṣáá. Mo kó wọn jọ kí ẹni tí ajá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lè rí nǹkan dì mú.

Ajá mi ṣàdédé ń tiro. Ṣé kí n dúró wò ó ná?

Bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀ rárá, bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ níbi tí kò yẹ kó tẹ̀, tàbí bí mọ́tò bá gbá a, ẹ má dúró. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Bó bá ń jẹun, tó sì ń fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò: ẹ̀gún, àfọ́kù ìgò, eégbọn tó há sáàárín ọmọ ìka. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá lọ, tàbí bó lọ tó tún padà, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà.

Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ òótọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kó rìn kọjá lórí eruku, kí ẹ wo ipasẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta á tẹ̀ kedere, ti ẹ̀kẹrin á kàn jẹ́ àmì orí èékánná méjì. Ajá tó bá ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbádùn, bó ti wù kó máa ju ìrù tó.

Kí ni iṣan orúnkún tí wọ́n ní ó já yìí gan-an?

Orúnkún ajá wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni egungun itan ti jókòó lé orí egungun ojúgun, iṣan méjì tó gba ara wọn kọjá bí àgbélébùú ló sì dì wọ́n mú láti inú. Ti iwájú ló sábà máa ń já. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí egungun ojúgun yọ́ síwájú nígbà tí ajá bá tẹlẹ̀. Bó bá ti já, gbogbo ìṣísẹ̀ ni egungun kan ń yọ̀ lórí èkejì. Tìmùtìmù kékeré méjì tó wà láàárín wọn á máa fún, wọn á sì máa ya. Èyí tó bá ya yẹn ló ń mú kí ajá gbé ẹsẹ̀ sókè tí kò fẹ́ kan ilẹ̀ mọ́.

Iṣan tó já pátápátá kì í so padà fúnra rẹ̀.

Kò jìn sí kòtò, mọ́tò kò gbá a. Kí ló wá já a?

Ti ènìyàn, bọ́ọ̀lù gbígbá ló sábà ń já a. Ti ajá yàtọ̀. Iṣan náà máa ń gbó díẹ̀díẹ̀ bí okùn kànga tó ń họ lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ tí ajá á fò sókè láti gba àkàrà lọ́wọ́ ọmọdé, tí yóò já. Fífò yẹn kọ́ ló fà á. Òun kàn ni ó kó ẹ̀sùn sórí. Rottweiler, Labrador àti Boerboel wà lára àwọn tó ń bá a pàdé jù, ajá tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ sì ń tètè bá a pàdé.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń bọ́ ajá nílé wa. Ẹ̀bà tó kù lánàá, ìrẹsì, tùwó tí mẹ́gáàdì fún un lóru. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ajá yín. Ó yẹ kí ọwọ́ yín máa ka egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ní láti wá ìhà náà kí ẹ tó rí i, ó ti sanra jù.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀ pé iṣan ló já?

Ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Dókítà á di egungun itan mú ṣinṣin, á sì gbìyànjú láti ti ojúgun síwájú. Bí ojúgun bá yọ́ bí ìgbà tí ènìyàn fa dúrọ́ọ̀ tábìlì síta, iṣan ti já. Ajá ńlá tí ara rẹ̀ le nítorí ẹ̀rù lè fi èyí pamọ́, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara dẹ̀ ká tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin náà lè rí àmì nílé: ajá tó ti máa ń jókòó dọ́gba á bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá jókòó.

X-ray kì í fi iṣan hàn. Síbẹ̀ ó ṣe pàtàkì, nítorí ó ń fi omi tó kún inú oríkèé hàn àti làkúrègbé tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá kì í ṣe jẹjẹrẹ egungun la fẹ́ máa fi iṣẹ́ abẹ orúnkún wò. Mi ò ní gé orúnkún ajá tí mi ò rí X-ray rẹ̀.

Ṣé ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lókè Ọya níhìn-ín. Àìsàn tí eégbọn ń kó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá lè mú kí oríkèé rẹ̀ wú, kó sì máa tiro, lónìí ẹsẹ̀ òsì, lọ́la ẹsẹ̀ ọ̀tún. Oògùn ni ti ìyẹn, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ọmọ ajá ńlá tí kò tíì pé ọdún kan, tó ń fò bí ehoro tó bá ń sáré, oríkèé ìbàdí rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ajá kékeré bíi Lhasa tó gbé ẹsẹ̀ sókè fún ìṣísẹ̀ mẹ́ta, tó tún sọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, egungun kékeré iwájú orúnkún rẹ̀ ló ń yẹ̀ kúrò ní ipò.

Ṣé dandan ni iṣẹ́ abẹ?

Kì í ṣe fún gbogbo ajá. Èyí tí kò tó kílò 15 lè gbádùn dé ìwọ̀n tó dára pẹ̀lú ìsinmi gidi, oògùn ìrora àti dídín sísanra kù, bí tìmùtìmù inú orúnkún kò bá ya. Ó lè gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ajá kílò 40 tàbí 50 ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ìwúwo yẹn á máa fi orúnkún tí kò dúró yọ̀ lójoojúmọ́, làkúrègbé á sì wọlé. Mo máa ń gba àwọn tó ni irú ajá bẹ́ẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n má sì jẹ́ kó di ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí iṣẹ́ abẹ ń dá orúnkún dúró, kì í mú làkúrègbé tó ti wà níbẹ̀ kúrò.

Irú iṣẹ́ abẹ wo ló wà?

Fún iṣan tó já, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ máa gbọ́ jù. Àkọ́kọ́ ni kí a fi okùn ọ̀rá tó nípọn de orúnkún láti ìta, kó ṣe iṣẹ́ iṣan náà títí ara á fi hun àpá líle yí i ká. Kò nílò irinṣẹ́ púpọ̀, ó sì dára fún ajá kékeré àti agbede-méjì.

Èkejì ni TPLO, tí dókítà ẹranko ará Amẹ́ríkà kan, Barclay Slocum, kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1993. Ó rí i pé orí egungun ojúgun ajá dà gẹ̀rẹ́ bí òkè, ní nǹkan bíi dígírì 25, ìdí nìyẹn tí egungun itan fi ń yọ́ sẹ́yìn lórí rẹ̀. Dípò kó wá nǹkan rọ́pò iṣan, ó gé orí egungun náà, ó yí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ó sì fi irin pẹlẹbẹ kàn án mọ́. Ẹ̀kẹta, TTA, wá láti Zürich ní Switzerland ní nǹkan bí 2002. Egungun ni wọ́n ń gé níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n níbi mìíràn. Fún ajá ńlá, méjèèjì yìí ni mo fẹ́ràn jù, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wà àti bí owó bá wà. Okùn ọ̀rá tí ọwọ́ tó dáńtọ́ dè sàn ju TPLO tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ṣe lọ.

Níbo ni mo lè gbé e lọ ní Àbújá tàbí lókè Ọya?

Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ní ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Yunifásítì Àbújá àti ti Jọ́ọ̀sì náà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìwòsàn ẹranko. Àwọn aládàáni pọ̀ láàárín ìlú. Àwọn kan máa ń gbé ajá lọ sí Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ìwádìí àti àjẹsára ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà níbẹ̀ láti 1924 ń ṣe, ẹ má rìnrìn àjò yẹn nítorí orúnkún.

Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ béèrè bóyá orúkọ dókítà náà wà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Ẹ bi í pé orúnkún mélòó ló ti ṣe, ọ̀nà wo ló ń lò, ta ló ń ṣọ́ ajá lóru ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí ni wọ́n sì ń ṣe bí iná bá lọ nígbà tí ajá ṣì wà lórí tábìlì. Dókítà tó mọ iṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yìí.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí n sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀? Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.

Nítorí eégbọn ni. Ajá tó ń jẹun, tó ń gbó, lè ní àìsàn eégbọn tó ti jẹ èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tán. Bí a bá gé irú ajá bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní dá. Àyẹ̀wò náà tún ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó, àti bóyá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ lè gbé oògùn oorun. Nínú gbogbo owó tí ẹ máa san, òun ni mi ò ní jẹ́ kí ẹ yọ kúrò. Bí àìsàn bá wà níbẹ̀, a ó kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ná, orúnkún lè dúró de ìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dúdú pa eégbọn lára ajá kí ẹ tó gbé e wá. Májèlé ni.

Ṣé kó jẹun ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ?

Rárá. Kó jẹ oúnjẹ alẹ́, kí ẹ sì gbé abọ́ kúrò ní aago mẹ́wàá. Omi lè wà títí di òwúrọ̀, àyàfi bí dókítà yín bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé, àti mẹ́gáàdì, nítorí búrẹ́dì kan tí ẹnì kan fún un nítorí àánú lè jáde láti inú ikùn rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó bá ń sùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ńkọ́? Kí ni mo máa ṣe?

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Dókítà ń lo wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀yin máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá. Nínú àwọn tí iṣẹ́ abẹ wọn bàjẹ́ lójú mi, èyí tó pọ̀ jù bàjẹ́ nílé, ní ọjọ́ tí ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ wá kéèjì tàbí igun yàrá kan tó gba kó dìde, kó yí padà, kó sì dùbúlẹ̀, tí kò gba kó sáré. Ẹ má gbé e síta sínú oòrùn; ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Àbújá lè pa ajá nínú kéèjì irin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló dára. Táìlì ni ọ̀tá yín: ẹ tẹ́ ráàgì tàbí ẹní onírọ́bà láti ẹnu kéèjì dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má fi àlàfo kan sílẹ̀. Bó bá fẹ́ tọ̀ tàbí yàgbẹ́, okùn kúkúrú ní ọrùn, kí ẹ gba aṣọ ìnura gígùn kan lábẹ́ ikùn rẹ̀ níwájú itan, kí ẹ fi gbé ìdí rẹ̀ fúyẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó padà wọlé.

Fún ìwúwú, ẹ ra pure water, ẹ jẹ́ kó dì nínú fírísà, ṣùgbọ́n kí ó má dì pátápátá. Èyí tó ṣì rọ̀ díẹ̀ ni yóò mọ orúnkún. Ẹ fi aṣọ ìnura wé e, ẹ gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí iná kò bá sí, ẹ ra ti alátẹ ìta.

Kó má lá ojú ọgbẹ́ rárá. Bí ike ọrùn tí wọ́n fún yín bá fọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí ẹ fọ̀ mọ́, tí ẹ gé ìdí rẹ̀, tí ẹ sì fi aṣọ yí etí rẹ̀ ká, máa ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 10 sí 14 ni a ń yọ òwú tí a fi rán an.

Ìgbà wo ló lè rìn, ìgbà wo ló lè sáré?

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kó máa fi ọmọ ìka kan ilẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pe dókítà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, rírìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú okùn, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí kò bá tiro jù lọ́jọ́ kejì. Bó bá rọra rìn ni yóò fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Bí ẹ bá yára, á gbé e sókè, á fi mẹ́ta tó kù sáré.

Bí wọ́n bá gé egungun, X-ray ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló ń sọ bóyá ó ti jó pọ̀. Ẹ má fi ojú lásán pinnu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 ni a ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà kó tó padà sí bó ṣe wà.

Èyí tó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ ni ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ìrora ti lọ, ajá ń fò mọ́ irin kéèjì, ó ń wo yín lójú, ẹ̀ ń rò pé ìyà lẹ fi ń jẹ ẹ́. Egungun rẹ̀ kò tíì jó pọ̀. Ẹ tì í.

Òun ló ń ṣọ́ ilé. Ṣé kò lè máa jáde lóru nìkan?

Kò lè. Olè kan péré tó bá kọjá lẹ́yìn ògiri, ajá á fò, irin á tẹ̀. Ẹ bá mẹ́gáàdì sọ̀rọ̀ fúnra yín, ní èdè tó gbọ́ dáadáa, kí kọ́kọ́rọ́ má sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ajá mìíràn, kí wọ́n má jọ wà pọ̀. Bó bá wà nínú kéèjì lẹ́nu ọ̀nà, gbígbó rẹ̀ ṣì ń dún.

Ṣé mo lè fún un ní ibuprofen tàbí Panadol?

Ẹ má fún un ní ibuprofen, diclofenac tàbí naproxen rárá. Wọ́n ń dá ihò sí ikùn ajá, wọ́n sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol náà, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀ fún ajá. Fún ológbò, ikú ni. Carprofen àti meloxicam la máa ń lò, ìwọ̀n kílò ajá la sì fi ń ṣírò wọn. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà títì, tàbí tó ń bì, ẹ dá oògùn dúró, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ojú ọgbẹ́: ẹ má tú ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i. Pípọ́n díẹ̀ àti omi tó mọ́ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kì í ṣe nǹkan. Ọyún, òórùn, tàbí gbígbóná tó ń pọ̀ sí i, ẹ gbé e wá.

Ẹnì kan gún un ní abẹ́rẹ́ dexa (dexamethasone, oògùn tó ń mú ìwúwú àti ìrora rọlẹ̀), ó sì ń rìn lọ́jọ́ kejì. Ṣé kò ti san nìyẹn?

Ìrora ló dákẹ́, iṣan ṣì já. Ajá tí kò mọ ìrora mọ́ á máa fi orúnkún tí kò dúró sáré, tìmùtìmù inú rẹ̀ á sì ya. Wọ́n gbé ajá kan wá bá mi tó ti gba irú abẹ́rẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì. Nígbà tí mo ṣí orúnkún náà, tìmùtìmù kan ti ká jọ bí ewé gbígbẹ. Ó dùn mí, nítorí ẹni tó ni ín nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rò pé ìtọ́jú lòun ń ṣe.

Ẹ sọ fún dókítà bí wọ́n bá ti gún un, àti ọjọ́ tí wọ́n gún un. Dexa pẹ̀lú carprofen tàbí meloxicam lè lu ikùn rẹ̀ jálẹ̀. A ní láti fi àyè ọjọ́ mélòó kan sáàárín.

Bàbá kan tó ń to eegun wà ládùúgbò wa. Ṣé kò lè bá wa dè é?

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí egungun tó kúrò ní ipò tí wọ́n fẹ́ tò níbí. Iṣan inú oríkèé ló já, ọwọ́ kò sì lè dé ibẹ̀ láti ìta. Ọ̀pá tí wọ́n bá dè le jù ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Mo ti rí ẹsẹ̀ tó tutù, tó dúdú lábẹ́ ìdè, tí a ní láti gé.

Ajá ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ kẹta ni wọ́n ní kó máa rìn. Kí ló dé tí tèmi fi wà nínú kéèjì?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbàdí ni wọ́n ṣe fún tirẹ̀. Bí wọ́n bá gé orí egungun itan kúrò, kò sí egungun tó ní láti jó pọ̀. Ẹran ara ló máa di oríkèé tuntun, rírìn ló sì ń mọ ọ́n. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá sinmi jù, ibẹ̀ á gan. Tiyín jẹ́ òdì kejì. Ìwé tí dókítà yín fún yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́.

Ẹsẹ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ṣé iṣẹ́ abẹ ló fà á?

Rárá. Okùn kànga tó gbó lápá kan sábà máa ń gbó lápá kejì. Nínú ajá 100 tí iṣan kan já fún, nǹkan bí 40 sí 60 ni èkejì máa ń já fún tó bá yá. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ènìyàn kí wọ́n tó sanwó ti àkọ́kọ́, kí wọ́n lè fi nǹkan pamọ́. Ìwúwo ara tẹ́ ẹ bá dín kù ni ohun tó wà lọ́wọ́ yín jù.

Ó ti gbádùn pátápátá, ó tún wá ń tiro lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lójijì, tìmùtìmù tó ya lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo máa kọ́kọ́ rò. Bí orúnkún bá gbóná tàbí tí ihò kékeré kan ń ṣọyún lórí irin, kòkòrò ti wọ ara irin. Ó lè gba pé kí a yọ irin náà, bí egungun bá ti jó pọ̀. Bó bá jẹ́ pé òwúrọ̀ ọyẹ́ nìkan ló ń gan, tó sì ń tú lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, làkúrègbé ni. Ẹ tẹ́ nǹkan tó nípọn fún un, ẹ má jẹ́ kó sùn lórí sìmẹ́ǹtì lóru.

Agbára mi kò ká iṣẹ́ abẹ yìí rárá. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ sọ ọ́ fún dókítà lójúkojú, kò sí ìtìjú níbẹ̀. X-ray, ẹ̀jẹ̀, oògùn oorun, irin, àti àwọn àbẹ̀wò tó tẹ̀lé e ló ń gbé owó náà sókè. Ó lè jẹ́ pé okùn ọ̀rá á ká apá yín nígbà tí irin kò ká a, tàbí kí wọ́n gbà pé kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀.

Bí kò bá sí ọ̀nà, ẹ ṣe ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, pẹ̀lú kéèjì, ráàgì lórí táìlì, okùn kúkúrú àti oògùn tí dókítà kọ. Ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù, kí ẹ máa gbé e lórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ méjìméjì. Ajá ńlá kan ní Nyanya tí a kò lè ṣe nǹkan fún ju báyìí lọ dín ní kílò mẹ́sàn-án. Ó ṣì ń tiro bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lọ pàdé ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu géètì.